Bí Kọ̀ǹpútà Bá Kọ Máòsì Yín

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ fi òwe yìí sọ́kàn, nítorí òun ni kò jẹ́ kí owó mi ṣòfò.

Ọrùn ọwọ́ ọ̀tún mi ti ń dùn mí láti ìgbà tí mo ti ń tẹ máàkì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sínú kọ̀ǹpútà. Mo tu owó jọ, mo ra irú máòsì tí àwọn ọmọ fi ń ṣeré orí kọ̀ǹpútà, nítorí bọ́tìnnì púpọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èrò mi ni láti fi iṣẹ́ tó ń fìyà jẹ ọwọ́ mi lé àwọn bọ́tìnnì náà lọ́wọ́.

Linux ni kọ̀ǹpútà mi ń lò, èyí tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní 1991 nígbà tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Helsinki. Mo ki máòsì bọ̀ ọ́. Ó rìn, ó sì ṣeé tẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣí Piper, ètò tí a fi ń yan iṣẹ́ fún bọ́tìnnì, ó ní òun kò rí máòsì kankan. Mo ti fẹ́ fi í tọrẹ kí àbúrò mi ọkùnrin tó wí pé: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má ra òmíràn. Kò bàjẹ́, orúkọ rẹ̀ ni kò sí nínú ìwé."

Òótọ́ ló sọ. Ohun èlò USB kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà méjì: àkọ́kọ́ ń fi ilé-iṣẹ́ tó ni í hàn, èkejì ń fi irú rẹ̀ hàn. Ìlànà tó kárí gbogbo máòsì ni Linux fi ń mọ rínrìn àti títẹ̀. Ṣùgbọ́n libratbag, ètò tí Piper gbára lé, ń wá nọ́ńbà méjèèjì nínú àkọsílẹ̀ tirẹ̀. Bí kò bá rí wọn, kò ní dá sí máòsì náà.

Bí a ṣe ń kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nìyí:

1. Ẹ tẹ lsusb nínú terminal, kí ẹ kọ nọ́ńbà máòsì yín sílẹ̀. Bí àpẹẹrẹ, nínú 046d:c08b, 046d ni Logitech, c08b ni G502 HERO.

2. Nínú /usr/share/libratbag, ẹ wá fáìlì máòsì tó jẹ́ ọmọ ìyá tiyín. Ẹ lo àṣẹ sudo láti ṣe ẹ̀dà rẹ̀ ní orúkọ tuntun tó parí sí .device.

3. Nínú ẹ̀dà náà, ẹ yí Name padà, kí ẹ sì fi nọ́ńbà tiyín rọ́pò èyí tó wà níwájú DeviceMatch, lẹ́yìn usb:. Ẹ má fọwọ́ kan Driver.

4. Ẹ tẹ sudo systemctl restart ratbagd, kí ẹ tún Piper ṣí.

Ibi tí òwe wa ti wúlò ni ìgbésẹ̀ kejì. Máòsì méjì lè jọra lójú kí èdè wọn yàtọ̀. Bí ohun tí Piper fi hàn kò bá bá máòsì yín mu, ẹ má fi ìyípadà kankan pamọ́, nítorí inú máòsì fúnra rẹ̀ ni yóò wọ̀ lọ. Ẹ pa fáìlì náà rẹ́, kí ẹ wá ìbátan mìíràn.

Tèmi ṣiṣẹ́. Bọ́tìnnì kan ń ṣe àdàkọ, èkejì ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tó yẹ, ọrùn ọwọ́ mi sì ń sinmi. Bí tiyín bá ṣiṣẹ́, ẹ fi fáìlì náà ránṣẹ́ sí àwọn tó ń tọ́jú libratbag, kí ẹlòmíràn má baà sọ ohun tó dára nù. Ó di oṣù tó ń bọ̀.