Olú, Fàdákà àti Ògiri Ìsàlẹ̀ Èkó

Ojú ògiri ń rí màbo lọ́wọ́ òjò àti ọ̀rinrin ọ̀sà ní Ìsàlẹ̀ Èkó: a kùn ún lónìí, kò pẹ́ kò jìnnà, ó ti bu dúdú.

Ní Yunifásítì Ládòkè Akíntọ́lá, Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n Agbaje Lateef àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe ohun tí ó yẹ kí Èkó gbọ́. Ní 2015, wọ́n fi èròjà tí olú kan ń tú jáde sọ iyọ̀ fàdákà di ẹyọ fàdákà tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí, tí ó sì ń pa kòkòrò àrùn. Ní 2016, èèpo òde obì, ohun tí a ń dà sí ààtàn, ni wọ́n fi ṣe irú fàdákà bẹ́ẹ̀. Wọ́n pò ó mọ́ ọ̀dà, ohun tí ń mú nǹkan bu (ẹbí olú náà ni) kò sì gbèrú níbẹ̀.

Àwa ń fẹ́ kí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó dán ọ̀dà bẹ́ẹ̀ wò lára ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Erékùṣù Èkó. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ohun tí a fi olú tàbí obì ṣe kò lè pani lára. Fàdákà ni fàdákà ń jẹ́. Bí òjò bá fọ̀ ọ́ kúrò lára ògiri, gọ́tà yóò gbé e lọ sínú ọ̀sà, níbi tí ẹja wà, tí kòkòrò tí ń jẹ ìdọ̀tí sì wà. Kò mọ kòkòrò rere yàtọ̀ sí búburú.

Nítorí náà, kí Yunifásítì Èkó yẹ omi gọ́tà wò kí a tó kun ògiri, àti lẹ́yìn òjò. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹ béèrè owó rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn aṣòfin yín. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ máa kọ ọjọ́ tí ògiri kọ̀ọ̀kan bu sílẹ̀.