Ẹ Yé Fi Bomubomu Ṣeré

Ẹ̀yin ọmọ Káàárọ̀-oòjíire tó wà ní Ungwan Dosa, ohun tó ń dùn wá lọ́kàn la fẹ́ sọ, a sì mọ̀ pé kò ní tẹ́ gbogbo ènìyàn lọ́rùn.

Bomubomu, tí àwọn Hausa ń pè ní tumfafiya, kún ẹ̀bá ọ̀nà àti ilẹ̀ tí wọn kò tíì kọ́ ládùúgbò wa. Àwọn ìyá wa ń fi oje rẹ̀ pa làpálàpá. Àwọn Fúlàní ń fi oje ewé rẹ̀ mú kí wàrà dì. A kò bá wọn jà, ohun tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n ń ṣe.

Àwọn tí a ń bá wí ni àwọn tó ń sọ nínú ìpàdé pé ewé kì í pa ènìyàn, tí wọ́n ń ro èèpo gbòǹgbò rẹ̀ sínú ìgò fún ọmọdé àti aboyún. Ta ló wọ̀n ọ́n? Oje funfun yẹn ní májèlé tó lè da lílù ọkàn rú. Bó bá ta síni lójú, ó lè má dunni rárá, ṣùgbọ́n ìríran á di bàìbàì. Ọ̀kan nínú wa ń ṣán an lẹ́yìnkùlé ní 2019 tó fi ta sí i lójú. Dípò kó fi omi púpọ̀ ṣàn án lójú ẹsẹ̀, ọjọ́ méjì ló fi jókòó sílé kó tó lọ sí National Eye Centre, tó wà ní Kaduna wa níbí!

Wọ́n á ní Burkina Faso ń fi í ṣe oògùn. Òótọ́ ni. Orin àtà àti bomubomu ni wọ́n fi ṣe FACA fún àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Ṣùgbọ́n wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n dán an wò, ìjọba wọn sì fọwọ́ sí i. Èyí tó ń bí wa nínú jù ni pé láti àwọn ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Abáyọ̀mí Ṣófowórà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń yẹ orin àtà wò ní Ifẹ̀ nítorí àrùn yìí kan náà. Àwa ọmọ wọn wá ń gbé ìgò tí kò ní nọ́ńbà NAFDAC kiri.

Kí ìgbìmọ̀ alákòóso fòfin de títa irú ìgò bẹ́ẹ̀ nínú ìpàdé wa. Kí àwọn àgbà tó mọ ewé yìí sì fi han àwọn ọ̀dọ́ wa: orúkọ rẹ̀, ìlò rẹ̀, àti ibi tó ti lè pani lára. Ẹni tó bá fẹ́ bú wa, a óò wà ní ìpàdé tó ń bọ̀.