Bátìrì Abẹ́ Àtẹ

Ọ̀rọ̀ tòní kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ẹgbẹ́ (ìyẹn ń bọ̀, kí àwọn onígbèsè má sinmi). Ọ̀rọ̀ bátìrì mọ́tò ni.

Láti ìgbà tí owó epo ti fò sókè ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ọ̀pọ̀ nínú wa ló gbé mọ́tò ìkẹ́rù kalẹ̀. Nítorí olè, kálukú ń tú bátìrì, ó ń gbé e wọ ṣọ́ọ̀bù tàbí yàrá. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀. Mo fi ẹ̀gbẹ́ tèmi lélẹ̀ lábẹ́ àtẹ, kó má baà gba ààyè, mo sì gbé àpò ẹ̀wà tì í. Nígbà tí mo padà wò ó, omi inú rẹ̀ ti jò, ó ti jẹ ìdí àpò náà bí ẹni pé eku ló jẹ ẹ́. Ẹnì kan ní kí n ṣà á, kí n ta ìyókù. Mo ní ọmọ ta ni yóò jẹ ẹ́? Mo da gbogbo rẹ̀ nù, ó sì dùn mí wọra.

Ásíìdì ni omi yẹn, kì í ṣe omi lásán. Bó bá ta síni lójú, ẹ máa da omi tó mọ́ sí i fún bí ìṣẹ́jú 20, kí ẹ tó gba ọsibítù lọ. Ṣùgbọ́n òjé inú rẹ̀ ló burú jù, nítorí kò rùn, kò sì ta ni lára. Ó ń ba ọpọlọ ọmọ kékeré jẹ́, kì í sì í padà bọ̀ sípò. Ní Thiaroye-sur-Mer lẹ́bàá Dakar, ní Sẹ̀nẹ̀gàl, àwọn obìnrin bíi tiwa ń sẹ́ iyẹ̀pẹ̀ ibi tí wọ́n ti ń fọ́ bátìrì àlòkù, kí wọ́n lè rí òjé tà. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2007 sí oṣù kẹta ọdún 2008, ọmọ 18 kú níbẹ̀. Wọn kì í ṣe ọmọ olè, ọmọ ọlọ́jà ni wọ́n. Ní tòsí wa níbí, ní Ògijò, ìpínlẹ̀ Ògùn, òjé inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ará ibẹ̀ di ọ̀rọ̀ ìjọba lọ́dún 2025.

Bí mọ́tò yín yóò bá jókòó pẹ́, kí réwáyà tú wáyà nẹ́gẹ́tíìfù kó tó tú pọ́sítíìfù. Kó ṣáàjì bátìrì náà kún kí ẹ tó gbé e pamọ́. Òfìfo ló ń pa á! Nǹkan funfun kan á gan mọ́ òjé inú rẹ̀, kò sì ní gba iná mọ́. Ooru wa yìí sì ń jẹ́ kí agbára rẹ̀ tètè máa dín kù, bí a kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án. Ẹ ṣáàjì rẹ̀ lóṣù méjì-méjì. Ẹ̀yin ọmọ Òṣómàáló, owó ni à ń jù sí igun yàrá yẹn o. Omi bátìrì tí wọ́n ń tà nìkan ni kí wọ́n fi kún un, kì í ṣe omi ẹ̀rọ, kì í sì í ṣe ásíìdì.

Ẹ gbé e dúró ṣánṣán sínú abọ́ ike, níbi tí atẹ́gùn wà, tí oòrùn àti ọwọ́ ọmọdé kò dé. Ẹ fi rọ́bà bo orí rẹ̀ méjèèjì, torí irin kan ṣoṣo tó bá kan méjèèjì pọ̀ á tanná. Àwọn àgbà máa ń ní ilẹ̀ sìmẹ́ńtì ń fa agbára rẹ̀. Ti ayé àtijọ́ nìyẹn, olóníke kò mọ̀ bóyá sìmẹ́ńtì ni tàbí pákó. Abọ́ ike yẹn, nítorí ásíìdì tó bá jò ni. Ẹ má sì ṣáàjì rẹ̀ nínú yàrá tí ènìyàn ń sùn tàbí nítòsí ààrò àti sítóòfù, torí atẹ́gùn tó ń jáde lára rẹ̀ lè gbiná.

Èyí tó bá ti kú, ẹ tà á lódindi. Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọkùnrin yẹn fọ́ ọ níwájú ṣọ́ọ̀bù, ẹ má sì fi ilé rẹ̀ bọ adìyẹ.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní akọ̀wé tún ti dé. Ní ìpàdé tó ń bọ̀, èmi yóò gbé e síwájú ilé pé kí bátìrì kankan má sùn mọ́ ní ìsọ̀ àwọn oníwóró àti ẹlẹ́lùbọ́. Ẹni tó bá ní ibòmíì tí a lè kó wọn sí, kó wá wí i lọ́jọ́ náà.