Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Sọ Ọkọ̀ Ogun Lórúkọ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ojú àlejò a máa tóbi, ṣùgbọ́n kì í fi í ríran. Òwe yìí bá ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ń wo àwòrán Ogun Àgbáyé Kejì (1939–1945) mu. Ọkọ̀ ogun onírin, tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí táńkì, ni ojú wọn kọ́kọ́ máa ń bọ́ sí. Bí wọ́n bá ti rí ìràwọ̀ funfun lára rẹ̀, wọn a ní ti Amẹ́ríkà ni, ọ̀rọ̀ bùṣe. Irú ìwòran bẹ́ẹ̀ kù díẹ̀ káàtó, nítorí pé ẹni tí ó bá ṣi ọkọ̀ pè yóò ṣi àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ pè pẹ̀lú.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ilé tí ó yẹ kí olùwòran kọ́kọ́ wò ni ìsàlẹ̀ ọkọ̀, níbi tí kẹ̀kẹ́ irin ti ń yí nínú ẹ̀wọ̀n. Ọ̀dà ṣeé kùn, ó sì ṣeé pa rẹ́. Kẹ̀kẹ́ kò ṣeé pààrọ̀ bọ̀rọ̀. Sherman, tí Amẹ́ríkà ṣe ju 49,000 lọ, ní kẹ̀kẹ́ kéékèèké mẹ́fà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, tí a so pọ̀ ní méjì-méjì. Churchill ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní mọ́kànlá. Cromwell, tí òun náà jẹ́ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ńláńlá márùn-ún. T-34 ti Rọ́ṣíà náà ní ńláńlá márùn-ún, ṣùgbọ́n irin ara rẹ̀ dà gẹ̀rẹ́ bí òrùlé ilé. Ní ti M3 ti Amẹ́ríkà, apá ọ̀tún ara ọkọ̀ ni àgbá rẹ̀ tí ó tóbi jù wà. Bí àwòrán kan bá gbé àgbá yìí sí apá òsì ọkọ̀, kì í ṣe irú ọkọ̀ mìíràn ni olùwòran rí. Ẹni tí ó tẹ àwòrán náà ni ó yí fíìmù sódì.

Síbẹ̀, ogun kún fún ẹ̀tàn. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbé àgbá gígùn tí ó lágbára sórí Sherman kan tí a ń pè ní Firefly. Nígbà tí wọ́n rí i pé àwọn ará Jámánì ń wá a yọ láàárín àwọn yòókù láti kọ́kọ́ pa á run, wọ́n fi ọ̀dà kun apá kan àgbá náà kí ó lè dà bíi pé ó kúrú. Ní 1944, àwọn ará Amẹ́ríkà fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú táńkì onírọ́bà láti fi tan àwọn ọ̀tá jẹ. Nítorí náà, olùwòran gbọ́dọ̀ wo ara ọkọ̀, kí ó wo àmì rẹ̀, kí ó sì wo ibi tí ó dúró sí, kí ó tó sọ̀rọ̀.

Ìràwọ̀ funfun náà ńkọ́? Nígbà tí wọ́n fi gúnlẹ̀ sí Normandy ní ọjọ́ 6 oṣù kẹfà 1944, ó ti di àmì gbogbo àwọn alájọṣepọ̀ tí ó lọ síbẹ̀. Àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì, Kánádà, Pólándì, Faransé àti Rọ́ṣíà ni wọ́n jọ lo Sherman nínú ogun náà. Jámánì pàápàá lo àwọn tí ó gbà lójú ogun, ó sì kun àgbélébùú tirẹ̀ sí wọn lára. Ọ̀rọ̀ ìràwọ̀ yìí kò yàtọ̀ sí ti ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a kọ láìfi àmì ohùn sí i. Ẹni tí ó bá rí o-g-u-n lásán kò lè mọ̀ bóyá ogun ni, tàbí ogún, tàbí Ògún, tàbí odò Ògùn, àfi bí ó bá ka gbólóhùn tí ó yí i ká.

Àpẹẹrẹ kan fi hàn pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré. Ní alẹ́ ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ 1944, àwọn ọkọ̀ ogun wọ Paris. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe wọn; àwọn kan ní táyà níwájú, wọ́n sì ní ẹ̀wọ̀n irin lẹ́yìn. Ẹni tí ó bá fojú ìràwọ̀ wò ó yóò ní Amẹ́ríkà ni. Ẹni tí ó bá rí àwòrán ilẹ̀ Faransé àti àgbélébùú Lorraine lára wọn yóò ní Faransé ni. Ṣùgbọ́n orúkọ tí wọ́n kọ sára wọn ni Guadalajara àti Teruel, orúkọ ibi tí wọ́n ti jagun abẹ́lé Sípéènì (1936–1939). Àwọn ará Sípéènì tí ogun yẹn lé nílùú ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Ọdún 2004 ni Paris tó gbé òkúta ìrántí kalẹ̀ fún wọn. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. Orúkọ Chad ni ẹgbẹ́ ọmọ ogun náà ń jẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti yọ àwọn aláwọ̀ dúdú kúrò nínú ẹ̀ka ogun ọ̀hún kí ó tó dé Yúróòpù. Orúkọ Áfíríkà kù. Àwọn ọmọ Áfíríkà kò sí nínú àwòrán.

Àwọn kan lè sọ pé ohun tí ìjọba bá kọ sábẹ́ àwòrán ti tó. Kò tó. Nígbà ogun, àwọn aṣàyẹ̀wò ìjọba a máa pa àmì ẹgbẹ́ ọmọ ogun rẹ́ kí àwòrán tó dé inú ìwé ìròyìn, kí ọ̀tá má baà mọ ẹni tí ó wà níbẹ̀. Ọ̀tá ti lọ, ṣùgbọ́n àìmọ̀ náà ṣẹ́kù.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilé Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Àwọn ọmọ Nàìjíríà wà nínú Dífíṣọ̀n 81 àti 82 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí ó jà ní Bọ́mà. Ní àfonífojì Kaladan ní 1944, orí ni àwọn aláàárù Dífíṣọ̀n 81 fi ń ru ẹrù, ọkọ̀ òfurufú sì ni ó ń ju oúnjẹ àti ọta sílẹ̀ fún wọn. Kò sí táńkì tí yóò jẹ́rìí sí wọn nínú àwòrán. Àmì èjìká wọn nìkan ni ẹlẹ́rìí. Aláǹtakùn dúdú lórí àwọ̀ ìyeyè ni ti 81. Ọ̀kọ̀ méjì tí ó dábùú ara wọn lórí òṣùká ni ti 82. Ọmọ-ọmọ tí ó bá ṣí àpótí bàbá àgbà, tí ó bá àwòrán sójà níbẹ̀, tí kò sì mọ aláǹtakùn yàtọ̀ sí òṣùká, yóò kàn sọ pé "bàbá lọ sógun" ni.

Nítorí náà, ó tọ́ kí àwọn olùkọ́ kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti ka àwòrán gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń kọ́ wọn láti ka ìwé: kí wọ́n ka kẹ̀kẹ́, kí wọ́n wá orúkọ tí a kọ sára irin, kí wọ́n wo èjìká. Ó sì tọ́ kí ẹni tí ó bá ṣì mọ orúkọ àwọn tí ó wà nínú àwòrán ilé rẹ̀ kọ ọ́ sẹ́yìn àwòrán náà lónìí. Irin a máa pẹ́ kí ó tó jẹrà. Orúkọ tí a kò kọ sílẹ̀ kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.