Bí Ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ Bá Di Àìsàn: Ilé Ìwòsàn Kí Ilé Ẹjọ́ Tó Gbọ́

Agbègbè ilé-iṣẹ́ tó na láti ọ̀nà Ọba Akran ní Ìkẹjà dé Ògbà àti Agége jẹ́ ibi tí ara ti ń kan ara láti òwúrọ̀ dé alẹ́, nítorí pé òṣìṣẹ́ tó há mọ́ èrò nínú dáńfó ni yóò tún padà sí ilé face-me-I-face-you, níbi tí àwọn ayálégbé ti ń du balùwẹ̀ kan ṣoṣo. Irú àyíká bẹ́ẹ̀ kọ́ ló ń bí ìwà ìbálòpọ̀ tó ṣàjèjì, ìyẹn ìfẹ́ ara tó gba ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í gbà, ṣùgbọ́n òun ló ń fún un láyè: ọkùnrin tó ń fi ojú ara ra obìnrin lára nínú ọkọ̀, ẹni tó ń ti ihò ògiri yọjú wo ẹni tó ń wẹ̀, àti ẹni tó ń jí pátá obìnrin lórí okùn ìsáṣọ. Bí ọwọ́ bá tẹ irú ẹni bẹ́ẹ̀, àwọn kan á ní ọwọ́ ayé ni, àwọn mìíràn á ní ó fẹ́ fi pátá náà ṣoògùn owó. Wọn á lù ú bí ẹni máa kú, wọn á sì tú ká láìsí ẹni tó béèrè ohun tí kò ní jẹ́ kó tún un ṣe lọ́la.

Àwọn oníṣègùn ọpọlọ, ìyẹn àwọn dókítà tó kọ́ṣẹ́ nípa àìsàn tó ń kọlu ìrònú àti ìwà, máa ń kọ́kọ́ ya ìyàtọ̀ lásán sọ́tọ̀ kúrò lára àìsàn. Ohun tí àgbàlagbà méjì fẹ́, tí àwọn méjèèjì sì gbà, kì í di àrùn nítorí pé aládùúgbò kò lóye rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé pàápàá yọ ìfẹ́ láàárín ẹ̀yà kan náà kúrò nínú ìwé àìsàn rẹ̀ ní 1990. Àìsàn ni nígbà tí ìfẹ́ náà bá dojú kọ ẹni tí kò gbà, tàbí ẹni tí kò lè gbà, bí ọmọdé, tí kì í sì í yé padà wá, tí ẹni náà ti hùwà lé e lórí tàbí tí ó ń joró nítorí rẹ̀. Ìwé àìsàn tí àjọ náà ń lò láti 2022 tún dárúkọ ìbálòpọ̀ tí kò ṣeé kó níjàánu, èyí tí ènìyàn ti ń sa ipá láti dá dúró fún oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí kò ṣeé ṣe, títí iṣẹ́, ilé àti ìlera fi ń bàjẹ́. Ìwé náà sì ṣọ́ra láti sọ pé ẹ̀rí-ọkàn tó ń dáni lẹ́bi nìkan kò tó láti pe ènìyàn ní aláìsàn.

Orísun irú àìsàn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan. Púpọ̀ nínú rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà ìbàlágà, tí adùn tó ń tẹ̀lé ìwà náà á sì sọ ọ́ di bárakú. Ọtí máa ń tú ìjánu rẹ̀. Bí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lójijì lára àgbàlagbà tí a kò mọ̀ mọ́ irú rẹ̀, kí wọ́n yẹ ọpọlọ rẹ̀ wò, nítorí pé àrùn tó ń jẹ iwájú ọpọlọ, àti àwọn oògùn kan tí wọ́n ń lò fún Parkinson, ìyẹn àìsàn tó ń mú ọwọ́ gbọ̀n, lè fà á.

Ìtọ́jú rẹ̀ wà. Èkíní ni ìtọ́jú onífọ̀rọ̀wérọ̀, níbi tí aláìsàn ti ń kọ́ láti dá àkókò àti èrò tó ń ṣáájú ìwà náà mọ̀, kí ó lè yà kúrò kí ó tó débẹ̀. Èkejì ni oògùn, bí fluoxetine, tó máa ń tu ìbànújẹ́ ọkàn lára tó sì ń dín ìfẹ́ kù. Bí ewu bá sì pọ̀, dókítà lè lo èyí tó ń rẹ testosterone sílẹ̀, ìyẹn èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó ń ru ìfẹ́ ọkùnrin sókè, ṣùgbọ́n ó gba àyẹ̀wò lóòrèkóòrè nítorí ó lè sọ egungun di ẹlẹgẹ́. Bíi ti ẹ̀jẹ̀ ríru, ìfẹ́ náà lè má tán pátápátá, síbẹ̀ a lè ká a lọ́wọ́ kò. Ìmọ̀ràn “ẹ jẹ́ kó fẹ́yàwó” kò sí lára ìtọ́jú yìí, nítorí pé ẹlòmíràn ló ń fà wọ inú ìyà náà.

Àìsàn kò sì pa ẹ̀ṣẹ̀ rẹ́. Lábẹ́ Òfin Ìwà Ọ̀daràn Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2015, ẹ̀wọ̀n gbére lè tọ́ sí ẹni tó bá bá ọmọdé lò pọ̀. Nítorí náà, bí ìwà bá ti kan ẹlòmíràn, kí ẹbí má ṣe fi ọ̀rọ̀ bò ó mọ́lẹ̀ nínú ìpàdé mọ̀lẹ́bí, kí wọ́n fi tó DSVA létí, àjọ ìjọba Èkó tó ń gbógun ti ìwà ipá abẹ́lé àti ti ìbálòpọ̀, kí wọ́n sì gbé ẹni tí ó ṣẹlẹ̀ sí lọ sí Mirabel Centre, ibùdó ìtọ́jú ọ̀fẹ́ fún àwọn tí wọ́n fipá bá lò pọ̀, tí wọ́n ṣí ní 2013 nínú ọgbà LASUTH, ìyẹn ilé-ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, ní Ìkẹjà.

Ọgbọ́n tó ju gbogbo rẹ̀ lọ ni kí ọ̀rọ̀ má dé ibẹ̀, torí àìtètè mólè, olè ń mólóko. Láti 2005 ni ilé-ìwòsàn Charité ní Berlin, ní Jámánì, ti ń gba àwọn tí ọkàn wọn ń fà sí ọmọdé wọlé fún ìtọ́jú kí wọ́n má baà ṣèkà. Lórílẹ̀-èdè Nàìjíríà, Òfin Ìlera Ọpọlọ tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní oṣù kìíní 2023 ti rọ́pò òfin wèrè ayé amúnisìn. Ilé-ìwòsàn ọpọlọ Yábàá wà láti 1907, àwọn oníṣègùn ọpọlọ sì wà ní LASUTH. Aṣírí aláìsàn kì í ṣe ohun tí dókítà ń gbé sọ, àyàfi bí ẹlòmíràn bá wà nínú ewu. Òbí tó rí i pé ọmọkùnrin òun ń yọjú sí balùwẹ̀, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tó gbọ́ ẹ̀sùn láti ẹnu àwọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ òru, àti ẹni tí ìfẹ́ náà ń dà láàmú fúnra rẹ̀, ẹ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn nílò. Ọgbà LASUTH kan náà ni ẹni tó fẹ́ wòsàn àti ẹni tí wọ́n ṣe léṣe ń wọ̀ ní Ìkẹjà. Bí àwọn ti ìṣáájú bá ṣe ń tètè wọlé tó ni àwọn ti ìkẹyìn yóò ṣe máa dín kù.