Ọkọ̀ oníná: Ẹ wo ẹnu rẹ̀ kí ẹ tó sanwó

Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, kò yani lẹ́nu bí ẹni tó ń ti Mowe tàbí Ibafo lọ sí Èkó lójoojúmọ́ bá ń ronú ọkọ̀ oníná. Àmọ́ ihò tí wọ́n ti ń ki wáyà iná kíákíá bọ̀ wọ́n kò dọ́gba. Ti Ṣáínà ń lo GB/T, ti Yúróòpù ń lo CCS2, ọ̀pọ̀ Nissan Leaf ń lo CHAdeMO, ti Amẹ́ríkà sì ń lo CCS1 tàbí ti Tesla. Ẹ rántí ṣájà Nokia, ẹlẹ́nu ńlá àti ẹlẹ́nu tín-ín-rín.

Wọ́n á ní kí ẹ ra àdápítọ̀. Ẹnu nìkan kọ́ ló yàtọ̀ o: ọkọ̀ àti ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ bára wọn sọ̀rọ̀ kí iná tó wọlé, CHAdeMO kò sì gbọ́ èdè CCS. Àdápítọ̀ tó lè ṣe ògbufọ̀ wọ́n gan-an; ayédèrú lè gbóná, kó gbiná. Iná ilé lè gbé e díẹ̀díẹ̀ mọ́jú, bí wọn kò bá mú un lọ.

Òfin Yúróòpù ọdún 2014 sọ CCS2 di dandan fún ibùdó iná kíákíá tuntun. Kí ìjọba wa mú ẹnu kan báyìí tí ibùdó kò tíì pọ̀. Bí oníkálukú bá ri tirẹ̀ mọ́ ojú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn tán, ta ni yóò hú wọn?