Nico Iamaleava: Owó dé kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ta ló yẹ ká bá wí?

Lọ́jọ́ Sátidé, ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, ikọ̀ bọ́ọ̀lù fásitì UCLA wọ pápá Rose Bowl nílùú Pasadena, ní ìpínlẹ̀ California, láìtíì borí nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kankan ní sáà náà. Mẹ́rin ni wọ́n ti gbá, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n pàdánù. Wọ́n ti lé akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn lọ. Penn State, tó wà ní ipò keje nílẹ̀ Amẹ́ríkà nígbà náà, ni wọ́n fẹ́ kojú, ẹni tó ní ìrètí nínú wọn kò pọ̀.

Nígbà tí eré parí, UCLA ló borí, 42 sí 37. Ọmọ ọdún 21 kan tó ń jẹ́ Nico Iamaleava ló ṣe bẹbẹ lọ́jọ́ náà. Ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ sáré gbé bọ́ọ̀lù dé òpin pápá alátakò lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì tún ju méjì míì tó wọlé.

Bẹ́ẹ̀, ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà ṣáájú ọjọ́ yẹn, orúkọ ọmọ yìí kan náà ni wọ́n fi ń ṣàpẹẹrẹ ojúkòkòrò káàkiri Amẹ́ríkà. Báwo lọ̀rọ̀ ṣe débẹ̀? Ṣé ọmọ náà ló jẹ̀bi ni, àbí àwọn àgbà tí òfin eré náà wà lọ́wọ́ wọn?

Kí ni iṣẹ́ quarterback?

Fún ẹni tí kò mọ bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà dáadáa, kì í ṣe irú èyí tí Super Eagles ń gbá. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e, wọ́n á máa já ilẹ̀ gbà mọ́ ara wọn lọ́wọ́ títí ẹnì kan á fi gbé bọ́ọ̀lù dé òpin pápá. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní touchdown.

Quarterback ni gbogbo eré ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Òun ló máa pinnu lójú ẹsẹ̀ bóyá kóun ju bọ́ọ̀lù, kóun gbé e fún ẹlòmíì, tàbí kóun fúnra òun gbé e sáré. Bí ikọ̀ bá borí, òun ni wọ́n á gbé gẹ̀gẹ̀. Bí wọ́n bá fìdí rẹmi, òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ bú.

Bọ́ọ̀lù fásitì kì í sì í ṣe eré ọmọ iléèwé lásán níbẹ̀. Pápá Neyland tí fásitì Tennessee ń lò nílùú Knoxville ń gba èèyàn tó lé ní 100,000. Iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn ń san owó ńlá láti fi eré wọn hàn. Ọjọ́ pẹ́ tí owó ti wà nídìí eré yìí. Àwọn tó ń gbá a gan-an ni owó náà kì í dé ọ̀dọ̀ wọn tẹ́lẹ̀.

Owó tó ṣáájú eré

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, òfin NCAA, ìyẹn àjọ tó ń darí eré ìdárayá fásitì, ni pé akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ fi eré jẹun. Wọ́n lè san owó iléèwé rẹ̀, kí wọ́n fún un ní oúnjẹ àti ilé, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2021, àwọn adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà fẹnu kò láti dá NCAA lẹ́bi nínú ẹjọ́ Alston, tó dá lórí ohun tí fásitì lè fún eléré nítorí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kìn-ín-ní oṣù Keje ọdún náà, NCAA gbà kí àwọn eléré máa fi orúkọ àti àwòrán wọn pawó. NIL ni wọ́n ń pè é.

Ṣùgbọ́n wọn ò tíì gbà kí fásitì fúnra rẹ̀ sanwó iṣẹ́. Nítorí náà, àwọn olówó tó fẹ́ràn ikọ̀ kọ̀ọ̀kan kóra jọ, wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n ń dáwó, wọ́n sì ń bá àwọn ọmọ tọwọ́ bọ̀wé.

Inú ọjà yìí ni Iamaleava bọ́ sí. Ìlú Long Beach, ní California, ló ti wá, ọmọ ìran Samoa ni. Ní oṣù Kẹta ọdún 2022, tó ṣì wà ní girama, tó jẹ́ ọmọ ọdún 17, ó kéde pé Tennessee lòun ń lọ. Oṣù yẹn náà ni The Athletic gbé ìròyìn jáde pé ọmọ girama kan, tí wọn ò dárúkọ, ti bá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe àdéhùn tó lè ju mílíọ̀nù 8 dọ́là lọ. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń tọ́ka sí i.

Ẹ rò ó wò. Ọmọ tí kò tíì ju bọ́ọ̀lù kan ní fásitì ti ní iye owó lórí. Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo bọ́ọ̀lù tó bá jù, owó ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n.

Ọ̀rọ̀ náà tún dé ilé ẹjọ́. Nígbà tí NCAA bẹ̀rẹ̀ sí í tú Tennessee wò lórí irú owó bẹ́ẹ̀, àwọn agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ Tennessee àti Virginia pe àjọ náà lẹ́jọ́ ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024. Lọ́jọ́ 23 oṣù Kejì, adájọ́ ìjọba àpapọ̀ kan ní kí NCAA dáwọ́ òfin náà dúró.

Lórí pápá, kò dójú tì wọ́n. Lọ́jọ́ ọdún tuntun 2024, ìgbà àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀, Tennessee na Iowa 35 sí òdo nínú Citrus Bowl, touchdown mẹ́rin ló sì ti ọwọ́ rẹ̀ wá. Ní sáà 2024, wọ́n borí nínú mẹ́wàá nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 13, wọ́n na Alabama, wọ́n sì wọ ìdíje tí wọ́n fi ń mọ ikọ̀ tó dára jù lórílẹ̀-èdè. Ohio State ló dá wọn padà sílé, 42 sí 17.

Ìjà oṣù Kẹrin

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, ìròyìn gbòde pé àwọn tó ń ṣojú Iamaleava fẹ́ kí owó rẹ̀ kúrò ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 2.4 dọ́là, kó di mílíọ̀nù 4. Lọ́jọ́ 11 oṣù náà, kò yọjú síbi ìgbaradì. Lọ́jọ́ kejì, akọ́nimọ̀ọ́gbá Josh Heupel sọ fún àwọn oníròyìn pé ikọ̀ náà ti ń bá tiẹ̀ lọ láìsí i. Ibi tó parí sí nìyẹn.

Iamaleava padà sọ pé irọ́ pọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń kọ nípa òun, pé òun fẹ́ sún mọ́ ẹbí òun ni. Òfin SEC, tí Tennessee wà nínú rẹ̀, kò sì gbà á láyè láti bọ́ sí ikọ̀ SEC míì lásìkò yẹn kó sì gbá bọ́ọ̀lù lọ́dún náà. Bó ṣe dé UCLA nìyẹn, nítòsí ilé wọn. Ìròyìn ní owó tí wọ́n fún un níbẹ̀ kò tó èyí tó ń gbà tẹ́lẹ̀.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí tún kàn ni Joey Aguilar, quarterback tí UCLA ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wọlé. Bí Iamaleava ṣe dé, Aguilar palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, ó sì gba ipò tí Iamaleava fi sílẹ̀ ní Tennessee. Bí ẹni ṣe pàṣípààrọ̀ ọjà ló rí. Tennessee borí lẹ́ẹ̀mẹjọ lọ́dún náà. UCLA borí lẹ́ẹ̀mẹta péré, wọ́n pàdánù mẹ́sàn-án.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Owó tó àgbà wà lọ́wọ́ ọmọ yìí, ṣùgbọ́n ìrírí tí èèyàn fi ń mọ ibi tí ìdúnàádúrà yẹ kó dúró, ọdún ló ń kó o jọ. Ó ṣe é ṣe kó jẹ́ pé òun àtàwọn tó ń gbà á nímọ̀ràn ṣì í ṣe. Àmọ́ òwe kan náà bi àwọn àgbà ní ìbéèrè: níbo ni wọ́n wà?

Ojú méjì ni wọ́n fi ń wo ọ̀rọ̀ kan

Lọ́jọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 2025, akọ́nimọ̀ọ́gbá Lane Kiffin fi Ole Miss sílẹ̀ lọ sí LSU. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 11 nínú 12 ni ikọ̀ rẹ̀ ti borí, ìdíje tó ṣe pàtàkì jù lọ́dún ló sì kù níwájú wọn. Àwọn kan bú u, ṣùgbọ́n ó kúrò nínú ìwé àdéhùn kan, ó bọ́ sínú òmíì.

DeShaun Foster tí UCLA lé lẹ́yìn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta kò lọ lọ́wọ́ òfo. Àdéhùn rẹ̀ ní owó ìdágbére tó ju mílíọ̀nù 6 dọ́là lọ. Ti Brian Kelly tí LSU lé ní oṣù Kẹwàá ju mílíọ̀nù 50 lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Àgbà tó bá wá owó kún owó, wọ́n ní iṣẹ́ ló ń wá. Ọmọdé tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n ní kò mọ oore. Àgbà tí wọ́n bá lé ní owó ìdágbére. Nígbà tí Tennessee sọ fún Iamaleava pé ó tán, ọ̀rọ̀ ọjọ́ méjì ni.

Ẹ tún wo ti Jaden Rashada, quarterback míì láti California. Àdéhùn tó ju mílíọ̀nù 13 dọ́là lọ tí wọ́n ṣe fún un nítorí kó lè wá sí fásitì Florida ló fọ́ lójú rẹ̀ kó tó débẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, ó gba ilé ẹjọ́ lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sílé. Àwọn ọmọ Nàìjíríà wà tí eré ìdárayá gbé dé fásitì Amẹ́ríkà, tí ìwé àṣẹ akẹ́kọ̀ọ́ F-1 wà lọ́wọ́ wọn. Ìwé àṣẹ yẹn kò gbà kí èèyàn ṣiṣẹ́ bó ṣe wù ú. Owó tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ onílẹ̀ ń gbà láìfòyà lè ba ìwé tirẹ̀ jẹ́. Kí òbí tó gba ọmọ níyànjú láti tọwọ́ bọ ohunkóhun, ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ rí agbẹjọ́rò tó mọ òfin ìwọ̀lú.

Kí ló kàn?

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, Adájọ́ Claudia Wilken fọwọ́ sí àdéhùn ẹjọ́ House. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Keje, fásitì lè máa pín owó fún àwọn eléré rẹ̀ ní tààrà, tó lè tó mílíọ̀nù 20.5 dọ́là lọ́dún àkọ́kọ́. NCAA náà ti fagi lé àsìkò ìṣípòpadà ti oṣù Kẹrin tí Iamaleava lò. Oṣù Kìn-ín-ní nìkan ló kù. Àwọn fásitì sì ti ń kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹni tó bá tètè lọ máa dá owó padà.

Ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan wọ̀nyí ń di ọmọ lọ́wọ́ mú kó má baà lọ. Èyí tó máa di fásitì lọ́wọ́ mú kó má baà lé e kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn aláṣẹ ṣì ń sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n, wọn kì í ṣe òṣìṣẹ́. Wọn ò ní ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tó lè bá wọn jókòó dúnàá dúrà bíi tàwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù NFL.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọjà ni wọ́n sọ eré yìí dà, àgbà sì kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ kí ọmọ ọdún 20 dúró ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí òṣìṣẹ́, kí wọ́n fún un ní ìwé òṣìṣẹ́, èyí tó de òun àti ẹni tó gbà á síṣẹ́ bákan náà. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, tí oṣù Kìn-ín-ní bá tún dé, ọmọ míì ni wọ́n máa pè ní olójúkòkòrò.